Ẹ Fi Ẹ̀dọ̀ Lé Orí Òróǹró: Orógbó, Oògùn Bíńtín, àti Ẹ̀dọ̀ Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Oríta-mẹ́rin, Ìbàdàn

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ gírámà. Mo ní kò burú. Àwọn àgbà wa máa ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹró. Ẹ̀yin tí ẹ ti pa ewúrẹ́ rí mọ̀ pé ibi tí àwọn méjèèjì gbé nìyẹn, tí òróǹró bá sì bẹ́, gbogbo ẹ̀dọ̀ ti korò. Mo fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹró fún mi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, nítorí ẹ̀dọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀rẹ́ wa tí ó máa ń sá eré ẹlẹ́ṣin lásán láìwọ bàtà, tí gbogbo wa máa ń pariwo orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ ń wú. Àwọn ará ilé ní ibà pọ́njú ni. Ó mu àgbo oríṣi mẹ́ta, ó tún ń fi paracetamol tì í lẹ́yìn. Èmi náà lọ kí i. Mo ra orógbó dání láti Ọjà'ba. Mo ní, "Máa jẹ èyí, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ó dára fún ẹ̀dọ̀." Ẹ gbọ́ o: èmi tí mo fi iṣẹ́ oògùn jẹun ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò purọ́ fún un, mo ti kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò?" Oṣù kẹrin ni wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Hẹpatáítísì B ni, ó ti ń gbé lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kò pẹ́ tí a fi sin ín.

N kò sọ pé àgbo ló pa á. N kò sì sọ pé orógbó ló pa á. Ohun tí mò ń sọ ni pé àkókò ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń bọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé. Ẹ rántí ọjọ́ tí tíṣà bàọ́lọ́jì wa la ọ̀pọ̀lọ́ lórí pákó, tí àwọn kan nínú wa sá jáde. Ó fi ọ̀pá kékeré kan ohun pupa rúsúrúsú kan, ó ní, "Èyí ni kíṣìnnì ara." Ó kù díẹ̀ kó máa jẹ́ kíṣìnnì nìkan. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tó kìlógíráàmù kan àbọ̀. Bíi lítà ẹ̀jẹ̀ kan àbọ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí a jẹ, tí a mu, tí ìfun bá fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, bí ẹrù ṣe ń dé ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Yóò tú u wò. Èyí tó dára, yóò jẹ́ kó kọjá. Èyí tó jẹ́ májèlé, yóò wó o palẹ̀, yóò dà á nù. Iṣẹ́ yìí ló ń pa á lára. Tí ènìyàn bá gbé paracetamol mì ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ apá kan rẹ̀ di májèlé níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti tú u ká. Oògùn kan náà tó ń gba orí fífọ́ lè gba ẹ̀dọ̀. Ìwọ̀n ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ di ọ̀rọ̀ "ìwọ̀n" yẹn mú. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ wà nínú rẹ̀.

Ó yá, orógbó. Ta ni nínú wa tí kò sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Mápó lọ sí Ọjà'ba lẹ́yìn ilé-ìwé rí? Àwọn ìyá tó ń ta orógbó, obì àti ataare jókòó síbẹ̀, àwọn lẹ́kulẹ́ja pẹ̀lú egbò àti èèpo igi wọn. A ń fi orógbó wúre fún ọmọ tuntun kí ó gbó, kí ó tọ́. Àwọn bàbá wa ń jẹ ẹ́ sí ikọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ tí wọ́n bá ń ṣòru. Àwọn onímọ̀ wá bèèrè pé: kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí alága àjọ elétò ìdìbò INEC láti 2005 sí 2010, onímọ̀ oògùn ni kó tó débẹ̀. Ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, òun ni ó tẹ ìwádìí jáde ní 1985 pé àkópọ̀ èròjà kan wà nínú orógbó tí ń gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ májèlé. Wọ́n sọ àkópọ̀ náà ní kolaviron. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn wa níbí. Ní ẹ̀ka bàọ̀kẹ́mísìrì Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé kolaviron kiri. Wọ́n fún eku ní májèlé, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní kolaviron, wọ́n wá yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò. Ní 2005 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó dín ìjàm̀bá tí aflatoxin ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ eku kù. Aflatoxin yìí, májèlé tó ń ti ara ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu jáde ni. A óò padà bá a.

Ẹ ò rí i pé ohun ìyangàn ni? Ohun tí ìyá àgbà ń tà nínú igbá ní ẹsẹ̀ Òkè Mápó ni ayé ń kà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Eku ni eku, ènìyàn ni ènìyàn. Kolaviron tí wọ́n yọ, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n fún eku kì í ṣe orógbó méjì tí a rún lẹ́nu nígbà tí a ń wo bọ́ọ̀lù. Ibi tí mo ti ṣì í fún ọ̀rẹ́ wa nìyẹn.

Ìṣòro kan tún wà. Ọ̀pọ̀ èròjà inú ewé àti egbò kì í yòrò nínú omi. Ìfun kì í fà á dáadáa. Èyí tí ìfun bá sì fà, ẹ̀dọ̀ yóò tú u ká kíákíá, kò ní pẹ́ lára. Ẹ wo curcumin, èròjà tó mú àtalẹ̀ pupa pọ́n. Nínú àwo láàbù, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2006, wọ́n fún àwọn ènìyàn 24 ní curcumin gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìdajì gíráàmù títí dé gíráàmù 12. Àwọn tó gbé tó gíráàmù 8 pàápàá, wọn kò rí i rárá nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn méjì péré nínú àwọn tó gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n rí díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ rò ó wò: ènìyàn kó ẹrù kún ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, kó tó dé Dùgbẹ̀, ọkọ̀ ti ṣófo.

Ibẹ̀ ni nano ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ẹ wo rúlà tí a ń lò nílé-ìwé. Ẹ mú mìlímítà kan, ìlà tó kéré jù lọ níbẹ̀. Tí ẹ bá lè pín in sọ́nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nanometre kan. Fọ́nrán irun orí tó nǹkan bíi nanometre 80,000 ní fífẹ̀. Èrún tí wọ́n ń pè ní nanoparticle sábà máa ń wà láàárín 1 sí 100, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ oògùn. Ojú kò lè rí i, màkirosíkóòpù ilé-ìwé wa kò sì lè rí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹ rántí ẹ̀kọ. Tí a bá da ògì gbígbóná sí ọwọ́ lásán, yóò ṣàn dànù. Ewé la fi ń pọ́n ọn. Ewé yẹn ló ń jẹ́ kó dì, òun ló ń jẹ́ ká gbé e láti ilé dé ọjà, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò tú ewé. Iṣẹ́ ewé ẹ̀kọ ni nano ń ṣe fún èròjà inú igi. Wọ́n á mú ọ̀rá, tàbí puròtéènì, tàbí irú ike kan tí ara lè yọ́, wọ́n á fi pọ́n èròjà náà ní bíńtín-bíńtín. Ohun tí kì í yòrò nínú omi á wá lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Kò ní tètè bàjẹ́ lọ́nà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa tú jáde tó bá dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀dọ̀ wá yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀yà ara yòókù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ní fèrèsé wẹ́wẹ́, tí fífẹ̀ wọn wà ní nǹkan bíi nanometre 100. Èrún tó bá kéré tó lè gba ibẹ̀ wọlé tọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ. Èyí tó bá tóbi jù, àwọn ọlọ́dẹ tó wà nínú ẹ̀dọ̀ yóò gbé e mì. Ọ̀nà yòówù tó bá gbà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Ìyà ló jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ gbé oògùn lọ sí ọpọlọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀dọ̀, ọ̀nà ti là sílẹ̀.

Kì í ṣe àlá lásán. Ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n fi puròtéènì ẹ̀jẹ̀ pọ́n paclitaxel; láti ara èèpo igi kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí paclitaxel náà. Ní 2018 wọ́n fọwọ́ sí patisiran, tí wọ́n fi ọ̀rá bíńtín pọ́n, tó sì jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń lọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gba abẹ́rẹ́ Pfizer tàbí Moderna nígbà kòrónà, nano tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe ti wọ apá yín. Ẹ ti ń lo ohun tí mò ń sọ kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ti àwọn èròjà tó ń gba ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, bíi curcumin àti silymarin tó ń ti ara ẹ̀gún kan ní Yúróòpù wá, ọ̀pọ̀ láàbù ní Íńdíà, Ṣáínà àti Íjíbítì ti fi nano pọ́n wọn, ó sì ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀ eku ju bí wọ́n ṣe wà ní ìhòòhò lọ. Ti eku la ṣì ń wí o.

Nílé wa níbí náà, ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo obì, èèpo kòkó, àní títí dé òwú aláǹtakùn, ṣe nano fàdákà. Ọwọ́ wọn tẹ ohun tí a ń dà sórí ààtàn, wọ́n sọ ọ́ di sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnìkan má baà máa ta á nínú ìgò: nano fàdákà jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi pa kòkòrò àrùn, kì í ṣe ohun tí à ń mu fún ẹ̀dọ̀. Tó bá pọ̀ lára, ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò kó jọ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti yíjú padà rèé, ẹ fetí sí i. Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún àlejò, olè lè gbà á wọlé. Àwọn oníṣòwò ti rí i pé ara kì í fa àtalẹ̀ pupa, wọ́n bá ń po ohun kan láti ara ata dúdú mọ́ ọn, ọmọ ìyá iyèré wa, kí ara lè fà á. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní 2022, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́pa oògùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ròyìn ènìyàn 10 tí àtalẹ̀ pupa oníkóró ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ata dúdú wà nínú ohun tí 3 nínú wọn lò. Márùn-ún sùn sí ilé ìwòsàn. Ẹnìkan kú. Àtalẹ̀ pupa kan náà tí gbogbo ayé ń yìn pé ó ń gba ẹ̀dọ̀ là!

Ẹ kọ́ nípa èyí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ "ewé ni, kò lè pa ni lára." Tí ewé bá lágbára láti wo ni sàn, ó lágbára láti ṣe ni léṣe. Ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò fi tíì ṣe wá ní nǹkan ni pé kì í wọlé. Tí sáyẹ́ǹsì bá wá bá wa gbé e wọlé, ó di dandan kí a mọ iye tó wọlé. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú. Iṣẹ́ nano tó dára, iṣẹ́ ìwọ̀n ni: díẹ̀ tó yẹ, ibi tó yẹ, àkókò tó yẹ. Ìyá alágbo wa ń fi ife wọ̀n ọ́n. Ife rẹ̀ òní kì í ṣe ife rẹ̀ àná. Tó bá tún jẹ́ páragà, tí wọ́n fi ògógóró rẹ egbò, ẹ̀dọ̀ ń ja ogun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. N kò bú wọn o. Ìyá mi náà fún wa ní àgbo. Mò ń sọ pé ohun tí a kò wọ̀n, a kò lè mọ̀ bóyá ó ń tún ni ṣe tàbí ó ń ba ni jẹ́.

Kí wá ni ká máa ṣe nígbà tí oògùn nano orógbó kò tíì sí lórí igbá? Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ohun méjì ló ń pa ẹ̀dọ̀ ní àdúgbò wa ju ohun tí à ń bẹ̀rù lọ, àwọn méjèèjì ló sì ní ìdènà.

Àkọ́kọ́ ni hẹpatáítísì B. Àyẹ̀wò ńlá tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 rí i lára nǹkan bí ènìyàn 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64. Ẹ wo yàrá yìí kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀, ó ń gba ìbálòpọ̀, ó ń gba abẹ àti ẹ̀rọ ìgẹrun tí a kò sè, ìyá sì lè fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìbímọ. Kì í gba àwo oúnjẹ, ẹ má ta ẹnikẹ́ni nù nítorí rẹ̀. Ó lè wà lára fún ogún ọdún láìfọhùn. Ní 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí à ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ káàkiri Nàìjíríà. Ta ni nínú wa níbí tí wọ́n bí lẹ́yìn 2004? Kò sí. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè fi ìgbà ọmọdé dá ara rẹ̀ lójú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò. Tí kò bá sí lára, ẹ gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Tó bá wà, kì í ṣe òpin ayé: oògùn oníhóró kan wà, tenofovir, tí ẹni tó bá yẹ kó lò ó ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba kó má baà ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọ-ọmọ, ẹ rí i pé ọmọ tuntun gba tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé.

Èkejì ni aflatoxin tí mo ní a óò padà bá. Ẹ rántí bí Oríta-mẹ́rin yìí ṣe rí kí wọ́n tó kó ọjà oúnjẹ lọ sí Bódìjà ní 1987, bí àpò ẹ̀pà àti àgbàdo ṣe máa ń wà lórí ilẹ̀ tí òjò ti rẹ. Ẹ̀pà tó bu, sísun kò lè pa gbogbo májèlé inú rẹ̀. Ṣíṣà ni kí a ṣà á dànù. Kí a má sì fi èyí tí a ṣà lọ kúlíkúlí fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ará IITA tó wà ní Ìbàdàn wa níbí ti ṣe Aflasafe, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2014: àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n ọn sóko, ó sì ń fi èbu tí kò ní májèlé lé èyí tó ní in dànù. Májèlé yìí àti hẹpatáítísì B, tí wọ́n bá pàdé lára ẹnìkan, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti dá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí á tó pàdé ní ọdún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yìí gba àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ wá síbi àpèjọ wa, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí èsì jẹ́ àṣírí oníkálukú. Owó aṣọ ẹbí ẹgbẹ́ tí a rà lọ́dún yìí ju owó àyẹ̀wò náà lọ, ẹ bi akápò wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi ni yóò kọ́kọ́ na apá sílẹ̀.

N kò ní kí ẹ má jẹ orógbó mọ́. Èmi náà ṣì ń jẹ ẹ́. Mo sì gbàdúrà pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yóò jáde láti láàbù kan ní Ìbàdàn yìí pẹ̀lú oògùn orógbó tí wọ́n fi nano pọ́n, tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n ti dán wò lára ènìyàn, kì í ṣe lára eku nìkan. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, tí ẹ bá gbọ́ pé ojú ọ̀rẹ́ yín pọ́n, kí ẹ tó ra orógbó dání lọ kí i, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí èmi kò bi ọ̀rẹ́ wa: "Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò?"